Orí Kẹfà: Ọ̀bọ Náà Ní Jẹ́nótáìpù

Ó ṣòro báyìí kí ọ̀dọ́ méjì ní Ayétòrò-Èkìtì kéde ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n má béèrè jẹ́nótáìpù lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan á gba Ìdó-Èkìtì lọ, sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn mìíràn á wá yàrá àyẹ̀wò aládàáni lọ sí Ìjẹ̀rò tàbí Àrámọkọ. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá wọn, èsì á sì jáde, lẹ́tà méjì péré: AA, AS, AC, SC, SS. Lẹ́tà méjì yìí ti tú ọ̀pọ̀ àdéhùn ká, ó sì ti yọ ọ̀pọ̀ òbí nínú wàhálà ilé ìwòsàn.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá náà kò ṣòro yé. Òṣìṣẹ́ á fọ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ náà, á bẹ́ ẹ kí ohun pupa inú rẹ̀, ìyẹn hìmóglóbìn, lè jáde. Á kán díẹ̀ sí etí abala pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ti rẹ sínú omi oníyọ̀, á wá gbé iná mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá. Hìmóglóbìn á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Èyí tí a ń pè ní A ló máa ń yára jù, S á tẹ̀ lé e, C á kẹ́yìn. Bí iná bá kú, òṣìṣẹ́ á wo ibi tí kálukú dúró sí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ìlà méjì hàn, ọ̀kan níbi A, ọ̀kan níbi S, AS nìyẹn.

Irú àyẹ̀wò yìí kan náà ni wọ́n fi ka ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀bọ inú igbó. Onímọ̀ kan tilẹ̀ wà tí ó ṣe méjèèjì, tí ó ti ara ọmọ Yorùbá bọ́ sí ara ọ̀bọ. Nigel Barnicot ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni ní University College, London. Ní 1952 ó kọ̀wé lórí àwọn àfín ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ní 1957 òun àti J. P. Garlick gbé ìwádìí mìíràn jáde, lórí irú ẹ̀jẹ̀ àti oríṣi hìmóglóbìn tí ó wà lára àwọn ọmọ ilé-ìwé Yorùbá. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ ló kù tí ó ń fi sí ẹnu iná.

Kí ni ó ń wá níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí púrótéènì jẹ́. Èròjà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní amínó ásíìdì ni a tò tẹ̀ lé ara wọn láti fi ṣe é, oríṣi 20 ni wọ́n, bí a bá sì ṣe tò wọ́n ni púrótéènì náà yóò ṣe rí tí yóò sì ṣe ṣiṣẹ́. Nínú hìmóglóbìn, okùn kan wà tí ó ní 146 amínó ásíìdì. Ní 1949, Linus Pauling àti Harvey Itano pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní California fi hàn pé hìmóglóbìn àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn àwọn SS, kì í rìn bákan náà pẹ̀lú ti àwọn yòókù nínú iná. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Vernon Ingram ní Cambridge rí ìdí rẹ̀: nínú gbogbo 146 yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó yí padà, ìkẹfà. Ìkẹfà yìí kan náà ló yí padà nínú C, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló gba ipò rẹ̀. Ẹyọ kan nínú 146 ló ń ya ẹni tí ara rẹ̀ yá sọ́tọ̀ sí ẹni tí egungun ń ro títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Ìwé ìlànà tí ara fi ń to púrótéènì, èyí tí a ń pè ní jíìnì, ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá la ti jogún rẹ̀, ẹ̀dà kan láti ọ̀dọ̀ kálukú. Ìdí nìyẹn tí èsì fi ń jẹ́ lẹ́tà méjì. Bí bàbá bá fún ọmọ ní A tí ìyá sì fún un ní S, ara ọmọ á máa ṣe méjèèjì. Bó ṣe rí fún hìmóglóbìn náà ló rí fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún púrótéènì mìíràn tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè lọ́jọ́ ìgbéyàwó: èyí tí ń gbé irin káàkiri inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ń gbógun ti kòkòrò àrùn, èyí tí ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa lọ́wọ́ àwọn oògùn kan.

Ọ̀nà àtiwo àwọn púrótéènì wọ̀nyí kò yá títí di 1955, nígbà tí Oliver Smithies ní Toronto rí ohun tí ó dára ju bébà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Sítáàṣì ọ̀dùnkún ni. Ó rántí pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tí ìyá òun bá ń se sítáàṣì láti fi le aṣọ bàbá òun, sítáàṣì náà máa ń dì bí ó bá ti tutù. Ẹni tí ó bá ti bá ìyá rẹ̀ ro ẹ̀kọ rí mọ ohun tí Smithies ń sọ: bó bá gbóná, ó ń ṣàn; bó bá tutù, o lè fi ọ̀bẹ gé e. Inú irú ẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ ni ó da púrótéènì sí, ó ta iná sí i, ó sì rí i pé wọ́n ya ara wọn lẹ́sẹẹsẹ, nítorí pé kì í ṣe agbára iná nìkan ni wọ́n ń bá jà mọ́, bí wọ́n ṣe tóbi tó náà ń dá wọn dúró nínú ẹ̀kọ. Ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú yìí ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọgọ́rùn-ún ẹranko wò láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Láàárín Yorùbá, bí ẹni mẹ́rin bá dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn yóò jẹ́ AS. Bíi 6 nínú 100 ló ń gbé C pẹ̀lú A. C yìí ní ìtàn tirẹ̀. Burkina Faso àti àríwá Gánà ni ó ti pọ̀ jù. Ó ń dínkù bí a ṣe ń bọ̀ wá sí ìhà ìlà oòrùn, nígbà tí a bá sì fi máa kọjá odò Ọya, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ Yorùbá ni etí aṣọ rẹ̀. Àwọn tí ń kọ ìtàn ìrìnàjò àwọn baba ńlá wa kì í sábà ka ẹ̀jẹ̀ mọ́ ẹ̀rí. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n kà á mọ́ ọn.

Kí ló dé tí S, ohun tí ń pa ọmọ, kò fi parẹ́ láti ayébáyé? Anthony Allison ló dáhùn ní 1954, láti inú iṣẹ́ tí ó ṣe ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà: ẹni tí ó jẹ́ AS kì í tètè kú ikú ibà. Ẹ̀fọn ló ń ṣọ́ S, kò jẹ́ kí ó lọ. Ní 2001, David Modiano àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ènìyàn tí ó lé ní 4,000 wò ní Burkina Faso, wọ́n sì rí i pé ẹni tí ó jẹ́ CC ń bọ́ lọ́wọ́ ibà tí ó ga débi pé ewu rẹ̀ dínkù ní 93 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ọmọge kan pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dára torí pé ó jẹ́ AS. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló gbé àwọn ìyá ìyá rẹ̀ la ibà kọjá kí oògùn kankan tó dé. Kí ó ṣọ́ ẹni tí yóò fẹ́, ó dára. Kí wọ́n má wulẹ̀ fi bú u.

Ó ṣeé ṣe kí ohun tí Allison rí yìí wà lára ohun tí ó gbé Barnicot dé ọ̀dọ̀ ọ̀bọ. Bí ó bá jẹ́ pé kòkòrò àrùn ló ń fi oríṣiríṣi pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ọ̀bọ náà ń gbé nínú igbó tí ẹ̀fọn àti kòkòrò wà, ibà tirẹ̀ sì ń mú un. Ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní oríṣiríṣi. Ní 1965, òun, Clifford Jolly àti àwọn mìíràn tẹ iṣẹ́ jáde lórí púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ babúùnù, ọ̀bọ ńlá orí ilẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ gùn. Ní 1966, òun, Jolly àti E. R. Huehns gbé ti ọ̀bọ Éṣíà kan jáde, èyí tí ìjìnlẹ̀ mọ̀ sí Macaca fascicularis. Ọ̀bọ yìí kì í ní hìmóglóbìn oríṣi kan ṣoṣo: ọ̀kan lè yàtọ̀ sí ìkejì, kí àwọn méjèèjì sì wà láàyè láìsí àìsàn. Ìyẹn ni mo fi sọ pé ọ̀bọ náà ní jẹ́nótáìpù. Lẹ́tà ló yàtọ̀.

Àwọn ọ̀bọ tiwa ńkọ́? Ní ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí àgbẹ̀ sábà máa ń bá jà ni Cercopithecus mona, tí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bíi ilẹ̀, tí ikùn rẹ̀ funfun, tí àmì funfun méjì sì wà níbi tí ìrù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó wà ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, níbi tí kò sí ẹni tí yóò pa á. Ní oko Ìjẹ̀rò àti lẹ́bàá òkè Ẹ̀fọ̀n, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ẹni tí àgbàdo rẹ̀ ti ń bọ́ sẹ́nu ọ̀bọ kò ní fẹ́ gbọ́ ìwàásù. Tí a bá wọ ọ̀dàn, ìbátan mìíràn ló wà níbẹ̀, Chlorocebus tantalus, tí irun rẹ̀ fẹ́ jọ àwọ̀ koríko gbígbẹ. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti àwọn ọ̀bọ tí ó wà ní Kẹ́ńyà, àwọn tí ìwádìí tí ó kàn dá lé.

Nicholas Dracopoli, Trudy Turner àti Jolly kan náà yẹn ni wọ́n wà lára àwọn tí ó lọ sí Kẹ́ńyà, wọ́n mú àwọn ọ̀bọ wọ̀nyí, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n padà sí agbo wọn. Ní 1983 èsì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ohun tí ó wù mí jù nínú rẹ̀ kò ju bí wọ́n ṣe fi púrótéènì tọ ipasẹ̀ ẹranko lọ. Láàárín àwọn ọ̀bọ wọ̀nyí, abo kì í kúrò nínú agbo ìyá rẹ̀. Akọ ni, bí ó bá ti bàlágà, yóò kó ẹrù rẹ̀, yóò lọ wọ agbo mìíràn. Bí àwọn akọ bá ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín agbo méjì, ẹ̀jẹ̀ agbo méjèèjì á máa jọra. Bí odò tàbí ilẹ̀ gbígbẹ bá dá ọ̀nà náà dúró, ẹ̀jẹ̀ wọn á máa jìnnà sí ara wọn láti ìran dé ìran, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rí àrùn kankan tí ó fà á.

Àwọn ọdẹ wa mọ ọ̀bọ tí ń dá rìn. Wọ́n á ní agbo ló lé e, tàbí pé ó ti darúgbó. Nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà, akọ tí ó ń ṣí lọ síbòmíràn ni, òun sì ni afárá tí ó so agbo kan pọ̀ mọ́ ìkejì. Bí a bá yìnbọn fún un lójú ọ̀nà, a ti gé okùn kan tí kò hàn sí ojú. Bí igbó tí ó wà láàárín oko méjì bá sì di ọ̀nà ọlọ́dà àti ilé, agbo tí ó kù sẹ́yìn yóò máa bí ọmọ láàárín ara rẹ̀. Oríṣi púrótéènì kan á ṣèèṣì parẹ́ nítorí pé àwọn méjì tí ó gbé e kò bímọ. Kò sí àrùn tí ó yàn án, kò sí ohun tí ó ṣe. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn sí àwọn mona tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ òkun nígbà òwò ẹrú, tí àrọ́mọdọ́mọ wọn wà ní erékùṣù Grenada títí di òní: ìwọ̀nba ọ̀bọ tí ó wọ ọkọ̀ kò lè kó gbogbo oríṣi tí ó wà nílé lọ.

Ìbéèrè kan ṣì kù tí ẹ̀kọ Smithies kò lè dáhùn. Ìyàtọ̀ tí a rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ, ṣé ó ń ṣe é láǹfààní ní tòótọ́, àbí ó kàn wà bẹ́ẹ̀ ni? Ní ti ènìyàn, Allison ti rí ìdáhùn fún S. Ní ti ọ̀bọ, a dúró títí di 2009.

Ní Amboseli, ní Kẹ́ńyà, wọ́n ti ń tọ agbo babúùnù kan láti 1971, wọ́n mọ ìyá tí ó bí kálukú. Jenny Tung, Susan Alberts àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fa ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì wá kòkòrò kan nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ ìbátan kòkòrò ibà, Hepatocystis. Kì í ṣe ẹ̀fọn ló ń gbé e; kòkòrò kékeré kan tí ń jẹni gan-an ni. Wọ́n wá wo jíìnì kan tí ń jẹ́ FY, tí ó ń ṣe púrótéènì kan sí ara sẹ́ẹ̀lì pupa. Bí ọ̀bọ kan bá gbé oríṣi kan nínú jíìnì yìí, ó ṣòro fún kòkòrò náà láti mú un ju èyí tí ó gbé oríṣi kejì lọ.

Ẹni tí ó bá mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ wa yóò dìde dúró níbí. Púrótéènì FY yìí ni àwọn dókítà ń pè ní Duffy. Kò sí i lára sẹ́ẹ̀lì pupa Yorùbá, kò sí i lára ti Ìgbò, kò sí i lára ti Akan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kankan tí ó ní i lórí sẹ́ẹ̀lì pupa. Ní 1976, Louis Miller fi hàn pé ilẹ̀kùn tí oríṣi ibà kan, Plasmodium vivax, ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì ni. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn náà pa mọ́ wa lára, ìdí nìyẹn tí vivax kò fi rí ìjókòó ní Èkìtì bí ó ṣe rí i ní Íńdíà. Jíìnì kan náà tí ibà ti ń jagun lára ènìyàn ni ibà mìíràn ti ń jagun lára babúùnù. Kò sí ẹni tí ó jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikejì. Ọ̀tá tí ó jẹ́ ìbátan ara wọn ló kọ́ méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti tiransifẹ́rìn, púrótéènì tí ń gbé irin nínú ẹ̀jẹ̀. Ó wà lára ohun tí àwọn oníwádìí kọ́kọ́ rí pé ó ní oríṣi púpọ̀ lára ọ̀bọ, kò sì yé ẹnikẹ́ni ìdí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kòkòrò àrùn pẹ̀lú nílò irin láti dàgbà, àwọn mìíràn sì mọ bí a ṣe ń jí i láti ara tiransifẹ́rìn, pàápàá èyí tí ń fa àrùn yírùnyírùn tí ń pa ènìyàn ní òkè ọya lásìkò ọyẹ́. Ní 2014, Matthew Barber àti Nels Elde ní Utah fi tiransifẹ́rìn àwọn ọ̀bọ, ìnàkí àti ènìyàn wé ara wọn. Ibi tí ó ti ń yí padà jù lọ ni ibi gan-an tí olè náà ń dì mú.

Èyí tí ó kàn wá jù lọ ni mo fi pamọ́ sẹ́yìn. APOL1 ni orúkọ rẹ̀. Nínú omi ẹ̀jẹ̀ ló wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti lu kòkòrò tí eṣinṣin tsetse ń gbé ní ihò títí yóò fi bẹ́. Nítorí APOL1 ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò tí ń pa màlúù kò fi lè pa ẹni tí ń da màlúù. Àmọ́ oríṣi kòkòrò méjì kan ti mọ ọ̀nà àtibọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn sì ni wọ́n ń fa àìsàn oorun lára ènìyàn. Ní 2010, Giulio Genovese àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí oríṣi APOL1 méjì, G1 àti G2, tí ó tún dá ọwọ́ ìjà náà padà. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn tí gbogbo àgbáyé fi ń ṣe ìwádìí jíìnì, 38 nínú 100 ẹ̀dà jíìnì yìí ló jẹ́ G1.

Owó rẹ̀ wá wọ́n. Ẹni tí ó bá jogún irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ méjì, kíndìnrín rẹ̀ wà nínú ewu. Ní 2024, Rasheed Gbadegesin pẹ̀lú ọ̀pọ̀ oníṣègùn Nàìjíríà àti Gánà gbé ìwádìí jáde lórí ènìyàn 8,355: bíi 30 nínú 100 ló gbé ẹ̀dà méjì, ẹni tí ó sì gbé ẹyọ kan péré pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ewu náà pátápátá, bí a ṣe rò tẹ́lẹ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ń béèrè APOL1. Èmi kò sì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó gbé e ni kíndìnrín rẹ̀ ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà nínú ìdílé rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa fi àyẹ̀wò ìtọ̀ falẹ̀.

Babúùnù náà ní APOL1, tirẹ̀ sì le ju tiwa lọ. Ní 2009, àwọn ẹgbẹ́ Jayne Raper ní New York fi jíìnì babúùnù sí ara eku, kòkòrò àìsàn oorun ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà kò sì rí eku náà gbé ṣe. Ti Ìwọ̀-Oòrùn ló ṣòro. Ní 2016 ni a rí APOL1 tí ó lè pa á, ibi tí wọ́n sì ti rí i ni ara Papio papio, babúùnù tí ń gbé ní Sẹ̀nẹ̀gà àti Gínì, níbi tí òun àti kòkòrò náà jọ ń gbé. Láàárín gbogbo èyí, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ILRI ní Nairobi ti fi sẹ́ẹ̀lì kan ṣe akọ màlúù Boran tí wọ́n sọ ní Tumaini. Kò sí jíìnì babúùnù nínú òun fúnra rẹ̀. Wọ́n ṣe é láti mọ̀ bóyá ọ̀nà náà yóò gbà wọ́n, kí wọ́n lè wá fi jíìnì náà sí èyí tí yóò tẹ̀ lé e. Bí ó bá ṣeé ṣe, màlúù ńlá tí àwọn Fúlàní ń dà wá láti òkè ọya yóò lè wà nínú igbó Èkìtì láìgba abẹ́rẹ́ tsetse léraléra, gẹ́gẹ́ bí Muturu, màlúù kúkúrú ilẹ̀ wa, ti ń ṣe láti ìgbà pípẹ́ láìsí ìrànlọ́wọ́ ọ̀bọ.